Màmá ń bá wa lọ sí Disney World l'Orlando, a ò sì ní wakọ̀: báwo la ó ṣe máa rìn níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Florida, tàbí tẹ́ ẹ ti mú ẹbí lọ síbẹ̀ rí, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé bá ti wà ní ọlidé, la fẹ́ lọ sí Walt Disney World. Èmi, bàálé mi, Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí wa. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè rìn nínú ilé, wọ́n lè gun àtẹ̀gùn díẹ̀ tí wọ́n bá rí nǹkan dì mú, àmọ́ tí ìrìn bá ti gùn, wọ́n á kàn dákẹ́ ni. Wọn ò ní sọ pé ó ń dun àwọn. Ojú wọn lèèyàn á fi mọ̀.

Bàálé mi ò fẹ́ wakọ̀. Apá òsì la ti ń wakọ̀ níbí, apá ọ̀tún ni tiwọn lọ́hùn-ún, ó ní òun ò ní kó ẹ̀mí èèyàn márùn-ún sórí títì tí òun ò mọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní ibẹ̀ tóbi, pé bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ ojú omi wà, ọkọ̀ kan tún wà tó ń rìn lórí okùn lókè. Tí mo bá ṣí máàpù wọn, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú. Kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjòkòó méjì la ní. Èwo nínú àwọn ọkọ̀ yìí ló lè gba Màmá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ yẹn? Hòtẹ́ẹ̀lì wo ni ká mú? Bàálé mi ní ká jẹ́ kí Màmá máa sinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tí ìrìn bá máa pọ̀, káwa máa mú àwọn ọmọ lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Kissimmee)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí wọn. Kissimmee ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ Disney níbí. Kò sí ọlidé tí ẹbí kì í ya wá sọ́dọ̀ mi, èmi náà ni mo sì ń tẹ̀ lé wọn lọ, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Nítorí náà ibi tẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ yín sí ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ẹ má fi Màmá sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ti rí ìyá tó wọ bàálù láti Èkó wá síbí, tó wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá látàárọ̀ dalẹ́, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbà pé kò ní lè rìn ín. Ó dùn mí wọra. Bí wọ́n ṣe ṣètò ọkọ̀ nínú Disney, ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá lè ti hòtẹ́ẹ̀lì dé ẹnu ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e lọ́wọ́. Ohun tó kù fún yín ni kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn.

Ilẹ̀ náà tóbi lóòótọ́, ó tó nǹkan bí 25,000 éékà. Ọgbà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Magic Kingdom tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1971, EPCOT ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, Animal Kingdom ní 1998. Wọ́n jìnnà síra wọn. EPCOT àti Hollywood Studios nìkan lèèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn, ìyẹn náà kì í ṣe ìrìn Màmá. Ọkọ̀ tó ń gbéni káàkiri, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n má fowó ra yàrá ńlá tó kọjú sí omi, ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ni kí wọ́n fowó rà.

Bọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney kan tí kì í dé, òun nìkan ló sì ń dé Animal Kingdom nínú gbogbo ọkọ̀ wọn. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí àgbàlagbà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Bọ́ọ̀sì á dé, á rẹ ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, pátákó kan á yọ jáde lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ́ sórí pèpéle. Gbogbo èrò yòókù á ṣì dúró lórí ìlà. Ẹ ó ti Màmá gòkè lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Dírẹ́bà á dìde lórí ìjókòó rẹ̀, á ká àga ọkọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi okùn líle de àga Màmá mọ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀sì níwájú àti lẹ́yìn, á mì í wò bóyá ó dúró. Ẹ̀yin ẹbí á jókòó tì wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ní kí ìlà máa bọ̀. Mi ò rí dírẹ́bà kan tó kanra mọ́ àgbàlagbà rí níbẹ̀, n kì í sì í ṣe ẹni tó ń yin èèyàn lásán.

Àga oníkẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń yá èèyàn lẹ́nu ọgbà, kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà náà. Tó bá jẹ́ òun lẹ gbójú lé, Màmá á fẹsẹ̀ rìn láti yàrá dé bọ́sítọ́ọ̀pù, wọ́n á tún rìn láti ibi tí bọ́ọ̀sì já wọn sí dé ẹnu géètì, ìrìn tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ìrìn yẹn ló sì ń pa orúnkún. Àwọn kan wà níta tó ń yáni ní àga, tí wọ́n ń gbé e wá bá èèyàn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Tiwọn ni kẹ́ ẹ yá, kó máa bá yín kiri títí ẹ ó fi padà. Tẹ́ ẹ bá sì ní tiyín ní Manchester, ẹ gbé e dání, bàálù kì í gbowó lórí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ìbejì gan-an ló máa fún yín níṣẹ́ lórí bọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́dọ̀ ká a kẹ́ ẹ tó wọlé. Lálẹ́, tí ọmọ méjèèjì ti sùn, tí ẹ gbé ọ̀kan kọ́ èjìká, tí Màmá wà lórí àga, tí kẹ̀kẹ́ tún ń dúró de ẹni tó máa ká a, ẹ ó rí i pé ọwọ́ mẹ́rin ò tó. Nítorí èyí ni màá fi sọ pé kẹ́ ẹ sùn síbi tí Skyliner wà.

Skyliner ni ọkọ̀ orí okùn tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn. Oṣù kẹsàn-án 2019 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó so rọ̀ mọ́ okùn yẹn lè gba èèyàn mẹ́wàá. Kì í dúró ní ibùdó, á kàn rọra máa fà, èrò á máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já Màmá láyà. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà níwájú ìlà pé ẹ ní àga oníkẹ̀kẹ́, wọ́n á yà yín sọ́nà ọ̀tọ̀, níbi tí ọkọ̀ á ti dúró jẹ́ẹ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ àti ilẹ̀ ibùdó á ṣe déédéé, ẹ ó kàn ti àga wọlé ni. Kẹ̀kẹ́ ìbejì náà, tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà, kò sí kíká. Àwọn ọmọ lè sun oorun wọn lọ. Ìyá kan láti Abẹ́òkúta tí mo mú lọ di ọwọ́ mi mú pinpin nígbà tí a gbéra. Nígbà tá a dé òkè omi, wọ́n ti gbàgbé ọwọ́ mi, wọ́n ń ka àwọn ilé tí wọ́n ń rí nísàlẹ̀.

Pop Century àti Art of Animation ni hòtẹ́ẹ̀lì Skyliner tí owó rẹ̀ rọjú díẹ̀. Ibùdó kan náà ni wọ́n jọ ń lò, létí adágún omi tó wà láàárín wọn. Láti ibẹ̀ ọkọ̀ á gbé yín dé hòtẹ́ẹ̀lì Caribbean Beach, tó jẹ́ ìkóríta gbogbo Skyliner. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ wọ èyí tó ń lọ Hollywood Studios, tàbí èyí tó ń gba hòtẹ́ẹ̀lì Riviera kọjá lọ sí EPCOT. Ti EPCOT yẹn kì í já èèyàn sí géètì ńlá iwájú. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń já wọn sí, láàárín apá ọgbà tí wọ́n ṣe bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tí wọ́n ṣe bí ilẹ̀ Faransé, ìyẹn á sì gba Màmá lọ́wọ́ ìrìn púpọ̀. Caribbean Beach fúnra rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ gan-an, tí wọ́n bá fún yín ní yàrá tó jìnnà, ẹ ó rin ìrìn gidi kẹ́ ẹ tó dé ibùdó. Riviera wà nídìí ibùdó tirẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ wúwo.

Nísinsìnyí, Magic Kingdom. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ̀ títí wọ́n á fi débẹ̀. Ẹni tó bá gbé Uber tàbí Lyft, tàbí tó wa mọ́tò ara rẹ̀, kì í dé ẹnu géètì Magic Kingdom. Ibì kan tí wọ́n ń pè ní Transportation and Ticket Center ni wọ́n á já a sí, ní òdìkejì adágún. Á tún wọ mónórèlì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin kan ṣoṣo, tàbí ọkọ̀ ojú omi ńlá kó tó dé ibi tó ń lọ. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ láti hòtẹ́ẹ̀lì Disney, ẹnu géètì gan-an ló ń lọ. Nítorí náà ẹ má sanwó Uber lọ síbẹ̀ nítorí Màmá, bọ́ọ̀sì ló máa dín ìrìn wọn kù.

Tí iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run bá parí lálẹ́ ní Magic Kingdom, gbogbo èrò á dà sí bọ́sítọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bá wọn dà á. Ẹ wá ibi jókòó nínú ọgbà, ẹ jẹ́ kí ogunlọ́gọ̀ yẹn lọ tán, bọ́ọ̀sì á ṣì máa rìn fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ọgbà. Tí ara Màmá ò bá wá gba ìjókòó mọ́, ọ̀nà kan wà láti ẹnu géètì lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Contemporary, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá ń ti àga, ojú ọ̀nà náà dán. Ẹ lè pe Uber láti ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni Uber wúlò.

Oṣù kẹjọ lẹ sì ń bọ̀. Òjò ọ̀sán pẹ̀lú àrá pọ̀ níbí lásìkò yẹn. Tí mànàmáná bá ti wà nítòsí, wọ́n á dá Skyliner dúró, bọ́ọ̀sì á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú Skyliner, atẹ́gùn ìrìn rẹ̀ ló ń tu èèyàn lára. Ẹ fi òwúrọ̀ lo Skyliner, tí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, ẹ béèrè bọ́ọ̀sì. Ẹ máa gbé omi fún Màmá, pàápàá tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Atlanta)

Àǹtí ti sọ òótọ́ gbogbo, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn mọ́tò díẹ̀. Àwa máa ń wakọ̀ lọ láti Atlanta ni. Ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney kì í sanwó páàkì mọ́tò mọ́, ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ọgbà. Animal Kingdom àti Hollywood Studios, mọ́tò máa ń yá jù bọ́ọ̀sì lọ, ẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Magic Kingdom nìkan ni n kì í gbé mọ́tò lọ, nítorí ohun tí Àǹtí sọ nípa adágún yẹn.

Ṣùgbọ́n bàálé yín ní òun ò fẹ́, ẹ má fipá mú un. Ẹ kàn rántí pé tẹ́ ẹ bá wọ Uber, òfin Florida ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà lórí àga ọmọdé. Uber kì í sábà ní in. Mọ́tò Minnie Van tí Disney fúnra wọn ń lò máa ń ní àga ọmọdé méjì nínú, èèyàn lè pè é lórí áàpù Lyft, ó kàn wọ́n ni. Bọ́ọ̀sì ò béèrè àga ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Ọ̀ṣogbo (Houston)

Ọmọ mi, o ṣeun tó o ń ro ti ìyá ọkọ rẹ. Ìbàdí ń dun èmi náà, kẹ̀kẹ́ oníná kékeré ni mo ń lò níbẹ̀, èyí tí èèyàn ń wà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń yá èèyàn lóun náà, wọ́n á gbé e wá sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n máa ti òun kiri. Mo máa ń wà á lọ síwájú kí àwọn ọmọ-ọmọ mi sáré tẹ̀ lé mi. Fún ìyá tí kò lo irú rẹ̀ rí, inú bọ́ọ̀sì ni wàhálà wà: ìwọ fúnra rẹ lo máa wà á gòkè lórí pátákó yẹn, wà á tún yí i sí ààyè tóóró tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ. Kí ìyá kọ́kọ́ fi gbalasa ojúde hòtẹ́ẹ̀lì kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì. Tí ọwọ́ wọn ò bá yá sí i, ẹ lo èyí tí ẹ ń tì.

Ìmọ̀ràn kan péré: bi ìyá léèrè èyí tí wọ́n fẹ́ nínú méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ pinnu rẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Ẹ ṣé gan-an o. Bàbá, mo pe Màmá lórí fóònù ní àná. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ oníná, pé kí ọmọ àwọn máa ti àwọn, pé àwọn náà tì í nígbà tó wà ní kékeré. Mo ti sọ fún bàálé mi, ó ti gbà.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney máa ń fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ gbé èèyàn láti pápákọ̀ òfurufú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìkejì, Màmá kì í jẹ oúnjẹ òyìnbó fún ọjọ́ púpọ̀. Mo gbọ́ pé ilé oúnjẹ kan wà ní hòtẹ́ẹ̀lì Animal Kingdom Lodge tó ń ṣe oúnjẹ Áfíríkà, mo sì fẹ́ mú wọn lọ jẹun alẹ́ níbẹ̀. Pop Century la máa sùn sí. Bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Kissimmee)

Ẹni yẹn ò parọ́, àmọ́ ti àtijọ́ ló ń sọ. Ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yẹn dúró. Bọ́ọ̀sì àwọn oníṣòwò wà tí wọ́n ń gbowó lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ti èèyàn márùn-ún pọ̀, kẹ́ ẹ fi wé mọ́tò ńlá kan tó máa kó gbogbo yín pẹ̀lú ẹrù, nígbà míì mọ́tò ló ń rọjú jù. Tẹ́ ẹ bá mú mọ́tò, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ ní ọmọ méjì àti àga oníkẹ̀kẹ́.

Ilé oúnjẹ yẹn, Boma lorúkọ rẹ̀, ó wà nínú Jambo House, ọ̀kan nínú àwọn ilé hòtẹ́ẹ̀lì Lodge yẹn. Ẹ gbàyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Oúnjẹ ibi púpọ̀ ní Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ gidi wà níbẹ̀ tí Màmá á lè jẹ, èèyàn ló sì ń bu tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń ti hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn tààrà. Ẹ ó wọ méjì. Ẹ fi oúnjẹ yẹn sí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sí ọgbà Animal Kingdom. Tẹ́ ẹ bá jáde nínú ọgbà lọ́sàn-án, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ Animal Kingdom Lodge sí, kò jìnnà rárá. Ẹ tètè débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, torí pé pápá ẹranko ló yí hòtẹ́ẹ̀lì náà ká, kò sí ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín láti dúró wò wọ́n. Ẹ gbé Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn, àgùnfọn á máa kọjá níwájú wọn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá jẹun tán lálẹ́, ẹ má padà sí ọgbà, wọ́n á ti tì í. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Disney Springs, ibi ìtajà àti ilé oúnjẹ Disney, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ wọ ti Pop Century. Disney Springs máa ń pẹ́ kó tó ti, bọ́ọ̀sì gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì sì ń dúró níbẹ̀. Tó bá ti rẹ Màmá, ìyẹn ni alẹ́ tí màá ní kẹ́ ẹ sanwó mọ́tò láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí. Tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yín, màá wá bá yín ní bọ́sítọ́ọ̀pù Pop Century láàárọ̀, kí n bá yín fi Màmá wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.